Owó Ìrànwọ́ Pàjáwìrì fún Àwọn Tó Ń Sin Ẹran: Ta Ló Ń Bá Nílé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Léyà, adìẹ tó ń yé ẹyin, bí ẹgbẹ̀ta ni mo ń sìn lẹ́yìn Mọ́níyà. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Texas sọ fún wa pé nígbà tí iná ńlá jó pápá lápá ibi tí òun ń gbé, ìjọba sanwó fún àwọn tí màlúù wọn kú, àti pé èèyàn lè rí orúkọ ẹni tó gbowó àti iye tó gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tó kọjá, ó lé ní igba adìẹ tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, n kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣé ìjọba tiwa kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ ni? Tó bá ń san án, àwọn wo ló ń fún, kí sì ni kí n ṣe tí orúkọ mi á fi wọ̀ ọ́? Àti pé, ṣé orúkọ mi ni kí n fi sílẹ̀ ni àbí ti baálé mi? — Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Igba léyà kì í ṣe ohun kékeré. Tí wọ́n bá ń yé dáadáa, kírétì ẹyin márùn-ún ló ń bọ́ lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́ yẹn, kí a tó wá ka oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ fún oṣù mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Ìjọba wa a máa san irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ kí wàhálà tó dé ni owó náà máa ń bá nílé. Ẹ jẹ́ kí n ti Texas bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí àbúrò ọkọ yín rí níbẹ̀ máa jẹ́ kí ti ilé yé wa.

Mo fura pé iná Smokehouse Creek ló ń sọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kejì 2024 ni iná náà sọ ní Hutchinson County, lápá àríwá Texas. Ó jó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ló sì bá a lọ. Káńtì lọ́dọ̀ wọn, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ló ṣe rí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Livestock Indemnity Program: tí ìjì, iná pápá, òjò yìnyín tàbí òtútù àìròtẹ́lẹ̀ bá pa ẹran, ìjọba á san ìdá 75 nínú 100 iye tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà. Ètò mìíràn wà fún ọ̀dá, fún ìgbà tí koríko bá gbẹ tí màlúù kò rí nǹkan jẹ. Ọ́fíìsì káńtì ni àgbẹ̀ ń lọ, àwọn àgbẹ̀ àdúgbò náà ló sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, láti ẹni mẹ́ta dé mọ́kànlá.

Ẹ má rò pé ẹkún ni wọ́n ń wò níbẹ̀ o. Wọ́n á béèrè iye màlúù tí ẹ ní kí iná tó dé, iye tó kù, fọ́tò tó ní ọjọ́ lára, rìsíìtì, ìwé dókítà ẹranko. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ojú á pọ́n ọn ní Texas bí ó ṣe pọ́n yín ní Mọ́níyà.

Ibi tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀ ni pé òfin tó gbé ètò náà ró ti wà nílẹ̀ kí iná tó jó. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ti 2014 ló sọ ọ́ di ètò tí kì í parí. Àgbẹ̀ tó jí tó bá òkú màlúù nínú pápá ti mọ ọ́fíìsì tí òun máa lọ, ó mọ ìwé tí wọ́n máa béèrè, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí iná bá jó tán la tó ń pe ìpàdé. Tí ìpàdé bá sì parí, ìkéde lórí rédíò ni àgbẹ̀ ń gbọ́, kò mọ ìlẹ̀kùn tí yóò kàn. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ èèyàn ní Sẹkitéríàtì, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, nìkan ló ń tètè gbọ́.

Ó wá kan ti Nàìjíríà. Orí àrùn bird flu ni owó gbà-má-bìínú ti hàn kedere jù nínú iṣẹ́ adìẹ. Oṣù Kejì 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà ní Nàìjíríà, nínú oko kan ní Jàjí, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Àwa la kọ́kọ́ ní in ní gbogbo Áfíríkà. Báńkì Àgbáyé yá ìjọba ní mílíọ̀nù 50 dọ́là láti fi gbógun tì í, ìjọba sì kéde pé 250 náírà ni òun máa san lórí adìẹ kan. Àwọn olóko figbe ta, wọ́n ní owó náà kò lè ra adìẹ mìíràn dípò. Nígbà tí àrùn náà tún padà ní oṣù Kíní 2015, ìjọba tún ṣètò owó, àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin adìẹ, PAN, kò yéé pariwo pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni kò tíì rí tiwọn gbà.

Òfin kan wà nínú owó bird flu yìí tí ọ̀pọ̀ olóko kò mọ̀ àfi ìgbà tó bá ti bọ́ sórí: adìẹ tí àwọn dókítà ìjọba bá láàyè, tí wọ́n kà, tí wọ́n sì pa, ni wọ́n ń sanwó fún. Èyí tó ti kú kí wọ́n tó dé, ó ti lọ nìyẹn. Mo rántí oko kan lápá Ẹgbẹ́dá. Olóko náà ti ń da òkú adìẹ sínú kòtò lóru fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí aládùúgbò má baà mọ̀. Ìgbà tí àwọn dókítà ẹranko fi dé nínú aṣọ funfun tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, adìẹ tó kù láàyè kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni méjì ló ń kà á bí wọ́n ṣe ń kó wọn sínú àpò. Ọ̀kan ń ka á sókè, èkejì ń fa igi mẹ́rin-mẹ́rin sórí ìwé, ó ń fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Bàbá náà ń bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka tinú kòtò yẹn mọ́ ọn.” Kò sẹ́ni tó lè kà á. Iye tí wọ́n bá láàyè ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù, òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú.

Ó le, àmọ́ mo gbà pé òfin náà dára. Bí wọ́n bá ń sanwó lórí òkú, ta ni yóò tètè pe dókítà? Bí Amẹ́ríkà náà ṣe ń ṣe é nìyẹn lórí bird flu: adìẹ tó wà láàyè nígbà tí wọ́n bá pàṣẹ kí wọ́n pa wọ́n ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2024, wọ́n tún ti fi kún un pé oko tí àrùn náà bá ti jà rí gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò ìmọ́tótó àti ààbò kí wọ́n tó lè sanwó fún un tí àrùn bá tún padà wá.

Ibi tí òfin wa ti ń já ni pé owó kì í tètè dé. Ẹ sì mọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: ẹni tó ń gun ọ̀kadà kiri oko, tó so kéèjì mọ́ ẹ̀yìn, tó ń ra adìẹ tó ti ń ṣe họ́ọ̀họ́ọ̀ ní ìdajì owó. Owó wà lápò rẹ̀. Kò ní béèrè fọ́ọ̀mù, kò ní ní kẹ́ ẹ dúró de Abuja. Ilẹ̀ ò ní ṣú tí adìẹ náà á fi dé ọjà, àrùn á sì bá a dé àgọ́ adìẹ mìíràn. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àgbẹ̀ pe dókítà dípò kó pe ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ sanwó kíákíá, kó sì san iye tó ní láárí. Ohunkóhun tó bá dín sí ìyẹn, ńṣe la ń fi owó tí a kò san ra àrùn fún gbogbo àdúgbò.

Irú ìrànwọ́ kejì ni ti oúnjẹ. Nígbà Kòrónà ní 2020, ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí 5,000 tọ́ọ̀nù àgbàdo láti inú àká ìjọba fún àwọn tó ń sin adìẹ. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún kéde 30,000 tọ́ọ̀nù fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹran. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Léyà kan ń jẹ nǹkan bíi 115 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́, àgbàdo sì máa ń tó ìdajì rẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀, ká ní 60 gíráàmù. Tí a bá pín 30,000 tọ́ọ̀nù fún mílíọ̀nù 50 adìẹ péré, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́ tán. 5,000 tọ́ọ̀nù yẹn kò tó ọjọ́ méjì. Ẹgbẹ́ bíi PAN ni irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kọjá, nítorí náà ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, tí kò ní káàdì, tí kò sí nínú gúrúùpù WhatsApp wọn, ìròyìn rẹ̀ ló máa gbọ́, kò ní rí àpò rẹ̀.

Nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, ètò SAfER tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbé kalẹ̀ ní 2023 lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ, ó ní apá tó kan àgbẹ̀. OYSADA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà, òun ló gba iṣẹ́ OYSADEP àtijọ́, òun ló sì súnmọ́ àgbẹ̀ jù nínú àwọn àjọ ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà sì ti dá iléeṣẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní oṣù Keje 2024. Ibi yòówù kí owó tàbí oúnjẹ ti máa wá lọ́la, àkójọ orúkọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ wọ ẹgbẹ́ PAN tó wà lágbègbè yín, kí ẹ sì lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àti dókítà ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kí wọ́n mọ oko yín, kí wọ́n mọ iye adìẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí kò sí wàhálà.

Àmọ́ ìrànwọ́ ìjọba kan wà tí kò dúró de pàjáwìrì, tí àwọn èèyàn wa kì í gbà: ti adójútòfò. NAIC ni wọ́n ń pè é, Nigerian Agricultural Insurance Corporation. Oṣù Kejìlá 1987 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé àgbẹ̀ á san ìdajì owó adójútòfò orí ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn tó wà lábẹ́ ìrànwọ́, ìjọba àpapọ̀ á san ìdá 37.5 nínú 100, ìjọba ìpínlẹ̀ á san ìdá 12.5 tó kù. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ 40,000 náírà ni owó ọdún kan lórí adìẹ yín, 20,000 ló yẹ kó jáde lápò yín. Tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè bí ìdajì yẹn ṣe rí lórí adìẹ lọ́dún tí ẹ fẹ́ san. Ẹ má sì buwọ́ lùwé kí ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan mélòó kan: àwọn àrùn wo ló wọ̀ ọ́? Tí ìjọba bá pàṣẹ kí wọ́n pa adìẹ, ṣé ẹ máa san án? Iye adìẹ mélòó ló gbọ́dọ̀ kú kí ọ̀rọ̀ tó kàn yín? Láàárín wákàtí mélòó ni mo gbọ́dọ̀ pè yín? Mo ti rí olóko tó pàdánù owó rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni adìẹ kú, tó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé kó tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí ló kù, ó sì rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, ti ọmọ iléèwé, ti tó. Lójoojúmọ́, ẹni tó ń bọ́ adìẹ á kọ ọjọ́, iye tó wà láàyè, iye tó kú, àpò oúnjẹ tí wọ́n jẹ, kírétì ẹyin tó jáde. Ọjọ́ tí ẹ bá fún wọn ní àjẹsára, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò, kí ẹ má ju ìgò náà nù kí ẹ tó yà á ní fọ́tò. Rìsíìtì ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́-kan láti ibi tí ẹ ti rà wọ́n, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù yín ń kọ ọjọ́ sára fọ́tò: ẹ máa ya inú ilé adìẹ lóṣooṣù kí ó hàn pé adìẹ kún ibẹ̀. Ẹni tó ní gbogbo èyí kò níí bá òṣìṣẹ́ kankan jiyàn.

Ní ti adìẹ tó kú lọ́dún tó kọjá, owó rẹ̀ ti kọjá nìyẹn, n kò ní tàn yín. Ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni la òkú rẹ̀ wò. Bí kò bá sẹ́ni tó là á, a kò lè mọ̀ bóyá àrùn Newcastle ni, bóyá àrùn Gumboro ni, bóyá oúnjẹ tó bu ni. Ìlú Ìbàdàn kò sì yẹ kó jẹ́ ibi tí èèyàn máa ti pàdánù igba adìẹ láìmọ ìdí. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Mókọ́lá, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Tí adìẹ bá tún ń kú, ẹ gbé méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú àti méjì tó ń kú lọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, nínú ọ̀rá tí ẹ so ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ sínú ìwé. Tí ikú náà bá ya yín lẹ́nu, tí ọ̀pọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí orí tàbí ogbe wú tó sì dúdú, tí ẹsẹ̀ ń pọ́n bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ sun sábẹ́ awọ, ẹ má gbé adìẹ kankan lọ síbì kan. Ẹ ti oko, ẹ má tà, ẹ má jẹ, ẹ má kó ìgbẹ́ wọn fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀, kí ẹ pe dókítà ìjọba ìbílẹ̀ kí ó wá. Yàrá àyẹ̀wò ìjọba tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n sábà máa ń fi ohun tí wọ́n bá gbà lára wọn ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó mọ̀ dájú.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń tan àgbẹ̀ jẹ pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti kéde ìrànwọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń fò kiri pé kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí orúkọ yín lè wọ̀ ọ́. Ìrànwọ́ pàjáwìrì kì í ní owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá sì béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín, tàbí nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, olè ni, kódà bó bá ní Sẹkitéríàtì ni òun ti ń pè.

Ó wá ku ohun tí àbúrò ọkọ yín sọ nípa orúkọ tó wà ní gbangba. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Environmental Working Group, tó ti ń gba àkọsílẹ̀ owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láti ọdún pípẹ́, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní káńtì-ní-káńtì. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n mú ohun kan ṣoṣo láti Texas wá sí Akínyẹlé, àkójọ orúkọ yẹn ni mo máa mú kí n tó mú owó. Bí àwọn tó gba àgbàdo 2020 bá ti wà lára ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ bóyá ẹni tó ń sin adìẹ ló gbà á tàbí ẹni tí kò ní ìyẹ́ kan nílé.

Ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti wà láti 2011, ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé kò kàn wọ́n, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù Kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní Agodi, kí ẹ béèrè orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, iye ènìyàn àti ohun tí wọ́n gbà lábẹ́ ètò tí ẹ bá dárúkọ. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ọ̀kan fún yín. Tí ẹgbẹ́ bá kọ ọ́, ó wúwo ju ti ẹnì kan lọ, kò sì ní dà bí ẹni pé ẹ ń wá ìjà.

Ní ti orúkọ tí ẹ máa fi sílẹ̀, tiyín ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin lẹ ń sin adìẹ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi ti baálé sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ sì dára, àmọ́ ibẹ̀ ni owó máa ń há sí: rìsíìtì ọmọ adìẹ ní orúkọ ìyàwó, fọ́ọ̀mù ní orúkọ ọkọ, àkáǹtì báńkì ní orúkọ ìyàwó nígbà tó wà nílé bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ kan náà, tí wọ́n kọ bákan náà, wà lórí NIN yín, àkáǹtì yín, káàdì ẹgbẹ́ yín àti rìsíìtì yín. Tí orúkọ ilé bàbá yín ló ṣì wà ní báńkì, ẹ lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra láti kóòtù. Tí ilẹ̀ tí oko wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ti baálé yín, kí wọ́n kọ ìwé kékeré kan pé wọ́n gbà kí ẹ máa lò ó, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí ẹ so ó mọ́ ìyókù.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ adìẹ tuntun wọlé, ẹ kọ̀wé sí mi ṣáájú, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe fọ ilé adìẹ àti ìgbà tí ẹ fọ̀ ọ́. Kí ilé náà ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.